Sólà tí mo gbé sórí ṣọ́ọ̀bù fótòkọ́pì mi l'Ágbowó: bó ṣe rí rèé

Ẹ kú ìfaradà o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ta ló bá mi ṣe sólà orí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi tó bó. Iṣẹ́ wọn dáa. Wáyà tí wọ́n lò nípọn, àwọn ọmọ tó gun òrùlé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn ò sì parọ́ fún mi nípa ohun tó lè gbé àti ohun tí kò lè gbé. Ṣùgbọ́n tó bá ti dọ̀rọ̀ owó, hàà, ẹ mú sùúrù dání lọ o, torí iye tí wọ́n bá pè fún yín láàárọ̀ lè má jẹ́ iye tí wọ́n máa gbà nírọ̀lẹ́. Tí n bá máa fún wọn ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá ni. Àdúgbò Challenge n'Ìbàdàn níbí ni wọ́n wà, mi ò ní dárúkọ wọn síbí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó yà sí ṣọ́ọ̀bù kó wá bi mí.

Fótòkọ́pì àti ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀ọ́kán UI, Yunifásítì Ìbàdàn, níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé iná gan-an lọjà tí à ń tà. Ọmọ UI á sáré wọlé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ project yìí jáde, ọ̀gá mi ti fẹ́ kúrò lọ́fíìsì", tí iná ò bá sí, kó o tó fa okùn jẹ́ń ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Láyé ìgbà tí lítà epo ò tíì tó 200 náírà, mo lè tan jẹ́ń láti àárọ̀ títí dalẹ́ kí n ṣì rí nǹkan mú relé. Ìgbà tó wá di 29 May 2023, Ààrẹ Tinubu búra tán, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí epo ti kúrò ní ohun tó lé díẹ̀ ní 180, ó ti wọ 500, nígbà tí 2024 sì fi máa lọ sópin ó ti kọjá 1,000 náírà lítà kan. Owó ojú ìwé kan ṣoṣo, ṣé mo lè sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún ni? Àwọn ọmọ yẹn á kàn fi fóònù ya ìwé wọn ni, wọ́n á fi ránṣẹ́ síra wọn, ó tán.

Iná ìjọba ńkọ́, ẹ ní. Ní April 2024 wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà sí 225 náírà lórí yúníìtì kan ṣoṣo, wọ́n ní àwọn yẹn á máa rí iná wákàtí 20 lóòjọ́. Tiwa kì í ṣe Band A, tiwa ni iná dé, ẹ sáré, iná ti lọ. Mi ò tiẹ̀ ráhùn mọ́ látìgbà tí mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí UCH, ọsibítù ńlá tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, wọ́n já iná wọn nítorí gbèsè ní ìparí 2024, ó lé ní 100 ọjọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ sì rántí pé ọmọ Ìbàdàn ni mínísítà iná nígbà yẹn o, Adébáyọ̀ Adélabú. Tí ọmọ ilé bá wà nídìí ìkòkò tí ebi ṣì ń pa ará ilé, kí lèmi aláfótòkọ́pì fẹ́ wí?

Bí mo ṣe dórí sólà nìyẹn. Ní ìdí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo ti yá owó, mo lọ sí Challenge, mo bá Àlàájì tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n kọ gbogbo nǹkan tí mò ń lò sílẹ̀: printer laser kan, ẹ̀rọ fótòkọ́pì, laptop, fáànù, gílóòbù. Ó ṣírò ó, ó ní ínfátà 3.5kVA (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí à ń lò nílé), bátìrì lithium kan, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Ó ní kí n má ra bátìrì olómi yẹn bí owó ẹ̀ tilẹ̀ kéré sí ti lithium, pé ọdún méjì mẹ́ta ni mo máa tún padà wá ra òmíràn. Mo gbà. Ó kọ iye sí bébà fún mi, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Ìgbà tí mo gbówó dé, iye yẹn ti di nǹkan míì.

Inú bí mi, mi ò purọ́. Mo ní Àlàájì, ṣé ẹ ń ṣeré ni? Ó kàn yọ fóònù ẹ̀, ó na ojú ẹ̀ sí mi, iye dọ́là ọjọ́ náà ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi, èmi kọ́, dọ́là ni. Ẹrù tí mo fi iye àná tà, mi ò ní lè fi owó ẹ̀ ra òmíràn wọlé." Kí June 2023 tó dé, dọ́là wà ní nǹkan bí 460 sí 470 náírà ní báńkì, ìjọba tú u sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye ẹ̀, ní 2024 ó kọjá 1,500. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà bọ̀, báwo ló ṣe máa dúró sójú kan?

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí o. Èmi ń sá fún epo, epo ń tẹ̀ lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù sólà. Torí kí ló ń mú dọ́là wọ orílẹ̀-èdè yìí, bí kì í bá ṣe epo rọ̀bì? Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ní Oloibiri lọ́dún 1956 la ti gbé gbogbo ẹyin wa sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, kòkó tí Ìbàdàn fi kọ́ Cocoa House di ìtàn. Ẹ wo bó ṣe rí nígbà tí epo rọ̀bì kúrò ní orí 100 dọ́là ní 2014 tó já sí ìsàlẹ̀ 30 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Àsìkò yẹn náà sì ni ẹgbẹ́ ajìjàgbara tó ń pe ara wọn ní Niger Delta Avengers ń bẹ́ páìpù káàkiri, epo tá à ń tà dín, iye tá à ń tà á dín, dọ́là bá wọ́n bí ojú, ètò ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún náà. Àrùn kòrónà tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2020. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó ń jí epo fà nínú páìpù kò dáwọ́ dúró, débi pé ìjọba ní láti gbé iṣẹ́ ṣíṣọ́ páìpù fún iléeṣẹ́ Tompolo, ọ̀gá ajìjàgbara Niger Delta nígbà kan, ní 2022. Dangote náà ti ń fọ bẹntiróòlù láti September 2024, ilé ìfọpo tí wọ́n kọ́ fún 650,000 àgbá lóòjọ́, ẹ bá mi wo ojú pọ́ǹpù bóyá 180 ti padà.

Ká tún sọ ti iná, torí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ ààbò ò pàdé. Gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa jáde, ìhà Niger Delta níbẹ̀ ni gáàsì yẹn ti ń wá. Kí ẹnì kan fọ́ páìpù níbẹ̀, àwa l'Ágbowó la máa wá fìtílà. Ní 2024 nìkan, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí grid, ìyẹn wáyà ńlá tó ń pín iná káàkiri Nàìjíríà, dà wó lulẹ̀. Ní October ọdún yẹn ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Ókè Ọya ló wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn tó ń bójú tó wáyà ńlá yẹn sì sọ ọ́ ní gbangba pé ààbò ló ń dí àwọn lọ́wọ́ láti wọ inú igbó lọ tún ibì kan ṣe. Ẹ gbọ́, wáyà já, ẹni tó máa so ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbé òun náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò yẹn kan èmi náà ní Challenge. Ọjọ́ tí Àlàájì dá fún mi, ẹrù ò dé. Mo pè é, ó ní ẹrù ti wà ní ọjà Álàbá l'Ékòó, àmọ́ wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó di ẹrù náà tán, òun ò sì ń jẹ́ kí dírẹ́bà òun gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́ mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. Mi ò lè bá a jà lórí ìyẹn. Àmọ̀tẹ́kùn wà lóòótọ́ láti 2020, ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ta ló fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò nítorí pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti iṣẹ́ gan-an. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló wá, wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó gun páànù wa tó ti dógùn-ún, mo kíyè sí ìyẹn, torí àwọn míì á kàn máa tẹ̀ ẹ́ gbàwà-gbàwà ni, tí òjò bá dé ẹ óò mọ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n gbá ìṣó sí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i. Wọ́n kọ ojú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù. Orí wáyà, MC4, orí ìso tí wọ́n ṣe fún wáyà sólà, ni wọ́n fi so ó, kì í ṣe pé wọ́n fi tépù dúdú wé e bí àwọn wọ̀bìà kan ṣe máa ń ṣe, kó o máa gbóòórùn jíjó lóṣù kẹta. Ọ̀kan nínú wọn mú tẹ́sítà, ó ń ka fóòtì (voltage) pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún èkejì, ìyẹn ń kọ ọ́ sí ọwọ́ ẹ̀ pẹ̀lú báírò, àfìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu kí wọ́n tó fi wáyà bọ ínfátà. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n fi breaker, èyí tó ń já iná tí nǹkan bá ṣe, síbi pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi síbi bátìrì, wọ́n ri irin mọ́lẹ̀ fún earth lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí iná tó bá ṣìnà lè wọlẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni wẹ́dà dé. Owó tiẹ̀ ò sí nínú iye tí Àlàájì kọ́kọ́ kọ o, ẹ fi sọ́kàn, èmi ni mo san án lọ́tọ̀. Irin ni wọ́n fi yí pánẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n wá jó orí nọ́ọ̀tì pa pátápátá kí sípánà má lè mú un. Ẹ má rò pé mo ń ṣe àṣejù. Wọ́n ti ń gun òrùlé ká pánẹ́ẹ̀lì bí ẹni ká ẹ̀wù lókùn. Ebi ló fà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe olè àtọdúnmọ́dún, iṣẹ́ ò sí ni. Ẹgbẹ́ àwa onílé àti oníṣọ́ọ̀bù ti fi kún owó ọdẹ, a ṣì ń san án. Kẹ́ ẹ sì wò ó, jẹ́ń náà ò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí olè làwọn èèyàn ṣe ń gbé jẹ́ń sí kọ́rídọ̀ lálẹ́, gbogbo wa la ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí èéfín ẹ̀ pa mọ́jú. Sólà ò ní pa yín lójú oorun, máàkì kan nìyẹn fún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí: láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí oòrùn bá ti mú, mo lè tẹ̀wé láìfọwọ́ kan jẹ́ń rárá. Printer laser máa ń fa iná gidi tó bá kọ́kọ́ ń gbóná, gílóòbù á ṣẹ́jú, ó gbé e. Ṣùgbọ́n tí mo bá tan laser àti ẹ̀rọ fótòkọ́pì ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, ínfátà á ké, á kú. Àlàájì ti sọ fún mi ṣáájú, ó ní kí n máa jẹ́ kí ọ̀kan gbóná tán kí n tó tan èkejì, ìyẹn ni mo fi ń sọ pé wọn ò parọ́. Àsìkò òjò, àwọn ọjọ́ tí sánmà bá dúdú látàárọ̀, bátìrì kì í kún, mo máa ń fi iná ìjọba kún un tó bá yọjú. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ní láti máa fọ pánẹ́ẹ̀lì, eruku ọyẹ́ á bò ó débi pé ẹ óò rò pé ó ti bàjẹ́. Fáànù inú ínfátà náà ń pariwo ju bí mo ṣe rò lọ, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé e sí yàrá sísùn kó gbọ́.

Ibi tí mo ti yọ máàkì wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ jẹ́ń mi àtijọ́. Àlàájì ní kí n gbé e wá, pé òun máa bá mi tà á, òun á yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó sólà tí mo ṣì jẹ òun. Wọ́n gbé e lọ. Mo pè, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní Àlàájì lọ kírun. Mo tún pè, wọ́n ní oníbàárà kan ti wò ó, ó ń bọ̀. Àwọn náà sì ń pè mí pé kí n wá san èyí tó kù o! Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣòwò, bí wọ́n ṣe mọ bí dọ́là ṣe ń gun lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n mọ iye jẹ́ń tèmi náà. Wárántì bátìrì pàápàá, báírò ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì, èmi ni mo ní kí wọ́n lu sítáǹpù sí i.

Àsìkò kan tiẹ̀ wà ní March 2025 tí mínísítà sáyẹ́ǹsì sọ pé ìjọba ń gbèrò láti dá kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọ̀lú dúró kí tiwa lè gbilẹ̀, gbogbo àwọn tó ń tà á fò sókè bíi pé iná jó wọn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kọ bílíọ̀nù 10 náírà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún sólà Aso Rock. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Tó bá jẹ́ ẹja tútù lẹ ń tà, tó jẹ́ fírísà lẹ fẹ́ kó gbé mọ́jú, ẹ má gba 3.5kVA àti bátìrì kan yẹn, kò ní gbé e dé ìdájí. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò ti òru lọ́tọ̀ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ owó wẹ́dà àti owó irin mọ́ iye ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì san owó pánẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe iye ẹ̀ gan-an. Jẹ́ń yín, ẹ tà á fúnra yín. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá, ẹ ò ní bá Àlàájì, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ò sì lágbára láti dín kọ́bọ̀ kù.