Munchkin àbí Apples to Apples: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ràn ọwọ́ ayàwòrán tó ń jẹ́ John Kovalic ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ló ń gbé, òun ló sì ń ya Dork Tower, kómíìkì àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan tí eré orí tábìlì ti gbà lọ́kàn pátápátá. Igor wà nínú wọn, ẹni tí kì í rí géèmù tuntun kó má fọwọ́ bàpò. Orúkọ Kovalic so mọ́ eré káàdì méjì tó gbajúmọ̀, àwọn tó sì fẹ́ ra ọ̀kan máa ń rò pé irú kan náà ni wọ́n. Wọn ò jọra rárá. Àwòrán rẹ̀ ló ń gbé ọ̀kan. Èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ nílò àwòrán.

Munchkin jáde ní 2001. Steve Jackson ló gbé òfin eré náà kalẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń tà á, Kovalic ló ya àwọn káàdì. Káàdì 168 ló wà nínú páálí, pẹ̀lú dáìsì kan. (Whot tiwa, 54 péré ni.) Òkìtì méjì ni wọ́n pín sí, ilẹ̀kùn àti ìṣúra. Bó bá kàn yín, ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn kan. Bí iwin bá jáde, ẹ bá a jà. Ìpele 1 ni gbogbo yín ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 10 ló jẹ. Tí apá yín ò bá ká iwin náà, ẹ lè bẹ ẹnì kan kó wá gbè yín, àmọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè iye ìṣúra tó máa kan òun. Ẹ ṣì ń nájà lọ́wọ́ ni ẹlòmíràn á ju káàdì sílẹ̀ tí agbára iwin náà á fi lé sí i. Ibẹ̀ lariwo ti ń sọ.

Ẹ wo iwin kan níbẹ̀: òdòdó inú ìkòkò lásán ni, ìpele 1. Nínú òkìtì kan náà ni dírágónì ìpele 20 wà. Ègún kan wà tó jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn bá a, ìpele méjì ló pàdánù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, kò pa yín lẹ́rìn-ín. Ìlà Kovalic tó nípọn, orí rọ̀bọ̀tọ̀ àti ojú ràgàjì tó máa ń yà fún wọn, ìyẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ọ̀dàlẹ̀ máa ń dùn dé egungun, kó má rà á o. Bí ẹnì kan bá ti dé ìpele 9, gbogbo ilé á dáwọ́ jọ fà á wálẹ̀, eré tí ẹ rò pé wákàtí kan ló máa gbà á di wákàtí méjì. Ẹni mẹ́ta sí mẹ́fà ló wà fún.

Páálí Deluxe wọ́n ju ti lásán lọ, káàdì kan náà ló sì wà nínú wọn. Ohun tí ẹ ń sanwó lé ni pátákó tí ẹ ó fi máa ka ìpele. Ọmọ ayò ni èmi fi ń kà á ní tèmi: mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ 48 inú ọpọ́n sì tó ẹni mẹ́rin. Ẹ tún kíyè sí i, Munchkin 2 kì í dá dúró, àfikún ni. Àwọn ẹ̀dà kan sì wà tó jẹ́ pé ayàwòrán mìíràn ló yà wọ́n, nítorí náà ẹ ka orúkọ ara páálí kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ Apples to Apples kò gùn. Ọdún 1999 ló jáde, láti ọ̀dọ̀ Out of the Box, ilé iṣẹ́ tí Kovalic wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀; Mattel ló gbà á ní 2007. Ọ̀rọ̀ ló kún orí káàdì rẹ̀. Adájọ́ á ṣí káàdì aláwọ̀ ewé kan, ká ní "eléwu", kálukú á fi káàdì pupa kan sílẹ̀ ní ìdojúdé, adájọ́ á mú èyí tó wù ú. Ẹ lè bá a jiyàn títí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àlejò ti mọ̀ ọ́n ta, ó sì gba ẹni mẹ́rin títí dé mẹ́wàá. Àléébù rẹ̀ ni pé orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà pọ̀ nínú káàdì pupa, bàbá mi mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ta lèyí?"

Fún ọjọ́ ọdún tí ilé kún, èyí ni kí ẹ rà. Fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó lè bú ara wọn kí wọ́n sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀, Munchkin ni. Ẹni tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló ń wá, kó fi méjèèjì sílẹ̀, kó lọ ka Dork Tower lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.