Àyẹ̀wò Bùkà Ẹlẹ́kọ Kan Ní Ilé-Ifẹ̀, Fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Jìnnà

Bùkà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò ní pátákó, kò sì ní orúkọ mìíràn ju "ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ" lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ó wà ní àdúgbò Lagere ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, bẹ́ǹṣì mẹ́ta péré sì ni ìjókòó tó wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń jẹun lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi lásán ni ó ń gbé mi lọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo máa ń gùn (kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o), láti Ifẹ̀ gba Òṣú lọ sí Iléṣà, nígbà mìíràn mo sì máa ń kọjá sí ọ̀nà Àkúrẹ́ títí dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta. Nítorí náà, ojú tí mo fi ń wo oúnjẹ bùkà yìí yàtọ̀ sí ojú tí awakọ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì fi ń wò ó.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. N kò bá wọn jiyàn, mo sì ń jẹ iyán náà, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn ni mo ń jẹ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ẹ̀kọ ló ń ṣíwájú, ìyà ni mo sì fi kọ́ ọgbọ́n yẹn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ dé Iléṣà, tíì àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì ni mo jẹ kí n tó jáde, n kò sì mú ohunkóhun dání àyàfi omi. Mo ti kọjá Òṣú dáadáa kí òkè kan tó yọ sí mi, kí n sì rí i pé ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Òógùn tútù bò mí, ojú ń ṣú mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè náà, títí ọmọdé kan fi bi mí pé, "Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé táyà yín ló bẹ́ ni?" Táyà kọ́ ni, ṣúgà ara ni ó tán. Nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù ṣúgà ni ara àgbàlagbà ń tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, bí ènìyàn bá sì ń fi agbára gun kẹ̀kẹ́ láìjẹ nǹkan kan, ó lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ọ̀rá tó wà lára kò tán, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ara ń sọ ọ́ di agbára, kò sì lè dá gbé ènìyàn gun òkè.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi ìkánjú ṣe àṣejù ní ìgbà kejì. Ní ilé oúnjẹ mìíràn tí n kò ní dárúkọ, mo jẹ òkèlè iyán ńlá pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ọlọ́ràá ní aago méje àárọ̀, mo sì gun kẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ náà jókòó sínú mi bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Iyán fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi púpọ̀, nítorí oúnjẹ afáralókun (ohun tí olóyìnbó ń pè ní carbohydrate) gidi ni iṣu. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, epo ọbẹ̀ àti ẹran ni wọn kò jẹ́ kí ó tètè kúrò nínú agbẹ̀du, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá a dà á ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹsẹ̀.

Èyí ni ó mú kí ẹ̀kọ Ìyá Ẹlẹ́kọ wúlò fún mi tó bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń fi aṣọ sẹ́, kí eèrí lè dúró lókè, kí ògì sì lọ sísàlẹ̀. Eèrí tí a yọ dànù yìí ni ó máa ń fa oúnjẹ sẹ́yìn nínú ikùn, nígbà tí kò sì sí epo nínú ẹ̀kọ, wéré ni ó ń kọjá lọ sí ibi tí ara ti lè lò ó. Ẹ̀kọ tiwọn dì dáadáa nínú ewé eéran, kì í fọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́, kíkan rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Àbùkù kan tó ní fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹyọ kan tàbí méjì kò lè gbé ènìyàn débi kankan. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré ìdárayá ń sọ ni gíráàmù 1 sí 4 oúnjẹ afáralókun fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, láàárín wákàtí kan sí mẹ́rin kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí àkókò bá sì ṣe súnmọ́ tó ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ kéré tó. Kílò 70 ni mo wọ̀n, nítorí náà ẹ̀kọ mẹ́rin, ife ẹ̀kọ gbígbóná kan tí wọ́n fi ṣúgà sí, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ni mo ń jẹ ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí n tó gbéra ní aago méje. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bèèrè fún gbogbo èyí, Ìyá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ní ń fi ẹ̀kọ gun òkè Ìjẹ̀ṣà?" Mo ní, "Ẹ máa wò mí, mà." Nísinsìnyí, wọ́n ti máa ń yọ tèmi sọ́tọ̀.

Mọ́ínmọ́ín wọn dùn, àkàrà wọn sì gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti epo ni àwọn méjèèjì. Ìdajì mọ́ínmọ́ín kan ni mo ń gbà láyè ní àárọ̀, mo sì ń fi àkàrà sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá padà.

Ohun tí ènìyàn ń mú dání ni bùkà náà kò tíì mọ̀ dáadáa. Fún ìrìn tó ju wákàtí kan lọ, gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afáralókun ni ara nílò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ìrìn bá ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, ẹni tí ikùn rẹ̀ ti mọ́ ọn lára lè gbé e dé 90, bí ó bá da gúlúkóòsì pọ̀ mọ́ ṣúgà inú èso, nítorí ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n ní nǹkan bí gíráàmù 27 rẹ̀ nínú, nítorí náà méjì ní wákàtí kan ti tó fún púpọ̀ nínú wa. Ìyá ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, mo sì ń gba mẹ́fà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún ń ta dòdò Ìkírè, èyí tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ jù, tí ṣúgà ti pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é, ènìyàn á sì rò pé òun gan-an ni oúnjẹ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Àmọ́ epo àti ata rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ikùn ẹni tó ń mí gulegule, ọwọ́ tí a fi mú un yóò sì máa yọ̀ lórí bíréèkì. Gúgúrú àti ẹ̀pà wọn wà ní ipò tí òwe fi wọ́n sí gẹ́lẹ́: ta ni ó fẹ́ máa jẹ gúgúrú gbígbẹ lórí òkè? Dàbínù ni mo ń lọ rà kún un ní Sábó, mo sì ti bẹ Ìyá pé kí wọ́n máa tà á. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ní ti omi, mo ní ẹjọ́ láti rò. Inú oòrùn ni wọ́n ń to àpò píọ̀ wọ́tà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì máa ń ní òórùn ike. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Omi ilé ni mo ń gbé lọ báyìí, mo sì ń po iyọ̀ àti ṣúgà sí i. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún èyí tí a ń pò nílé ni ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, nínú omi lítà kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu ni wọ́n ṣe é fún, nǹkan bí gíráàmù 25 ṣúgà ni ó sì wà nínú gbogbo lítà náà, nítorí náà kò lè rọ́pò oúnjẹ. Iyọ̀ tí òógùn ń kó lọ ni ó ń dá padà. Omi lásán tí a mu ní àmujù fún wákàtí mẹ́fà lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá bí òùngbẹ ṣe lè ṣe é.

Ó ku iyán. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́fà, ọmọbìnrin Ìyá ń gún iyán nínú odó gidi, ó ń fẹ̀, kò sì ní kókó. Òkèlè méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tí epo rẹ̀ kò pọ̀ ni mo ń bèèrè fún, kí iṣan lè rí ohun tí yóò kó pamọ́ sùn. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, 200 náírà ni ẹ̀kọ kan, wọn kì í sì í ní ṣéńjì ní òwúrọ̀, nítorí náà kí ènìyàn mú owó wẹ́wẹ́ dání. Ògiri tó lágbára wà lẹ́yìn bùkà tí a lè gbé kẹ̀kẹ́ tì. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọn kì í ṣí, ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ tó kù, ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méje, ewé eéran lásán ni yóò bá lórí tábìlì.