Mítà ìgbọ́kọ̀sí Chicago: ẹ̀rọ rẹ̀ dára, àdéhùn rẹ̀ ló burú

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) mọ ìyà àìríbi-gbọ́kọ̀sí. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá tọ mérì wa lọ pé kí wọ́n fún òun ní etí títì Àjàṣẹ́ kóun ri mítà, ẹ̀rọ tó ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí, síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti Chicago l'Amẹ́ríkà dáadáa.

Ní oṣù Kejìlá 2008, ìgbìmọ̀ ìlú náà fọwọ́ sí i pé kí ilé-iṣẹ́ aládàáni gba mítà bí 36,000 fún ọdún 75. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.15 dọ́là ni ìlú gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ mélòó kan péré ni ìgbìmọ̀ fi wo ìwé àdéhùn náà! Nígbà tó di 2009, ọ̀gá olùyẹ̀wò ìlú ṣírò rẹ̀, ó ní owó ọ̀hún fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 974 dín sí ohun tí mítà náà tó fún ìlú.

Ní àdúgbò tí wákàtí kan ti jẹ́ sẹ́ǹtì 25, ó di dọ́là kan ní 2009, ó di méjì ní 2013. Ní àárín gbùngbùn ìlú, ó di dọ́là 3.50 ní 2009. Ẹyọ sẹ́ǹtì 25 sì ni mítà àtijọ́ ń jẹ: ẹyọ 28 lẹ ó kì sí i lẹ́nu kẹ́ ẹ tó rí wákàtí méjì. Ikùn rẹ̀ a kún, ẹyọ a há a lọ́fun, kò ní gba owó mọ́. Ẹ̀rọ tuntun tó ń gba káàdì, tó sì ń tẹ rìsíìtì, ló yanjú ìyẹn.

Ọ̀wọ́n owó kọ́ ni ẹ̀sùn wa. Bó bá wọ́n díẹ̀, ọkọ̀ a tètè kúrò, ẹlòmíràn a ráyè, awakọ̀ ò ní máa yípo kiri. San Francisco bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2011 láìta mítà fẹ́nikẹ́ni: bí òpópónà bá kún kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fowó lé e, bí kò bá tó 60, wọ́n á dín in.

Ibi tí ti Chicago ti ń ba ìrìnnà jẹ́ nìyí: bí ìlú bá mú àyè mítà ṣe ọ̀nà bọ́ọ̀sì tàbí ti kẹ̀kẹ́, àfi kó wá àyè mìíràn tó ń pa irú owó bẹ́ẹ̀, tàbí kó san owó gbà-má-bìínú. Bí wọ́n bá dí títì ju ìwọ̀n tí ìwé sọ lọ, owó ni. Ẹ gbé e wá sí Àjàṣẹ́: Egúngún jáde, a dí títì, mérì ń ka owó fún onímítà.

Bí wọ́n bá máa gbé e fún aládàáni, kó má ju ọdún márùn-ún lọ. Iṣẹ́ títọ́jú ẹ̀rọ àti kíkó owó ni kí wọ́n san fún, kí iye owó wákàtí wà lọ́wọ́ ìlú, kí wọ́n ya ibi táwọn oní-zémidjan (ọlọ́kadà) ń dúró sí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ri mítà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé títì tí ìlú bá dí kò mú gbèsè kankan wá.