Lẹ́tà Darcy di ìlà mẹ́fà: àgbéyẹ̀wò kíláàsì ìwé kan ní Bódìjà

Ohun tó bí mi nínú ni mo máa kọ́kọ́ sọ kí n tó sọ èyí tó dùn mọ́ mi, nítorí ìbínú náà ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Nínú Pride and Prejudice, ìtàn tí Jane Austen gbé jáde ní ọdún 1813, Darcy fi lẹ́tà kan lé Elizabeth Bennet lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọbìnrin náà ti kọ̀ láti fẹ́ ẹ, lẹ́tà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí 35. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n tà fún wa ní kíláàsì tí mo ń sọ yìí, ìlà mẹ́fà péré ni.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí ibẹ̀ ṣe rí. Àga wà, fáànù ń fẹ́, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń ṣe é. ₦25,000 ni wọ́n ń gbà lórí ìwé kan, wọ́n sì ń ta ìwé náà fúnra rẹ̀ ní ₦4,500 lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wọn ni pé àwọn yóò kọ́ wa bí ẹ̀dá ìtàn ṣe ń dàgbà, àti bí àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ ṣe wo ìfẹ́ àti ìgbéyàwó. Iléèwé girama ni mo ti kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, nígbà tí n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ, mo sì fẹ́ tún un kà láàárín àwọn tó ti wọlé ọkọ tàbí tó ti gbé ìyàwó, kí n gbọ́ ohun tí ẹnu wọn máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ìlà mẹ́fà yẹn fi dùn mí. Ní orí 34, Darcy wá sọ fún Elizabeth pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ka àbùkù ẹbí rẹ̀ sí i létí bó ṣe ń tọrọ rẹ̀. Elizabeth lé e padà, ó sì ka ẹ̀sùn méjì sí i lọ́rùn: pé ó ya Jane ẹ̀gbọ́n òun nípá lọ́dọ̀ Bingley, ọ̀rẹ́ Darcy tí Jane nífẹ̀ẹ́, àti pé ó fi ìyà jẹ Wickham, ọ̀dọ́ ológun tí òun àti Darcy jọ dàgbà. Lẹ́tà ni èsì tí Darcy fún un. Ẹ̀dà wa gé lẹ́tà, ó tún wá gé orí 36 tó tẹ̀ lé e, níbi tí a ti ń wo Elizabeth bó ṣe ń kà á. Nínú ojúlówó ìwé, irọ́ ló kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà, ó ká a mọ́lẹ̀, ó ní òun kò ní wò ó mọ́ láé. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan tó tún tú u, tó wá ń yẹ ohun tí Darcy kọ nípa Wickham wò ní gbólóhùn gbólóhùn. Ó rántí pé wọn ò tíì mọ ara wọn dáadáa tí Wickham fi tú ọ̀rọ̀ òun àti Darcy sílẹ̀ fún un. Ó rántí pé Wickham fọ́nnu pé òun kò sá fún Darcy, síbẹ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ni kò yọjú síbi ijó tí Bingley ṣe ní Netherfield, ilé tó yá. Ó rántí pé ìgbà tí àwọn ará Netherfield kó kúrò nílùú tán ló tó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ kiri fún gbogbo ayé. Ojú rẹ̀ ti rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ wọn. Kò kàn fẹ́ rò wọ́n ni. Wákàtí méjì ló fi rìn lójú ọ̀nà kó tó padà sílé. Ìdàgbàsókè ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n torí rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa, inú wákàtí méjì yẹn ló wà, ẹ̀dà wa sì ní: ó ka lẹ́tà náà, ó sunkún, ojú tì í.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọmọbìnrin tó ń gbowó nídìí tábìlì. Ó wo ojú ìwé tí mo ṣí fún un, ó yí i wo ẹ̀yìn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ojú ìwé kan já ni?" Mo ní rárá, ìtàn ni wọ́n gé. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn." Mo bi í pé ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé agékúrú ni. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kò sí lára èèpo iwájú, kò sí lára ti ẹ̀yìn. Inú lọ́hùn-ún, lábẹ́ àdírẹ́sì àwọn tó tẹ̀ ẹ́, ni a ti rí i, ó sì wínníwínní débi pé ọmọbìnrin yẹn ló kà á fún mi. Mo ní kó dá ₦4,500 mi padà. Ó fa rìsíìtì mi yọ, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó tí a bá ti san kò ṣeé gbà padà mọ́. Èyí ni wọ́n kọ gàdàgbà.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì gbé fóònù fún mi. Ọ̀gá náà ní àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń ra ẹ̀dà yẹn, ẹnì kan kò sì ráhùn rí. Mo ní èmi kì í ṣe ọmọ iléèwé, àbígbẹ̀yìn mi ti ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ó ní kí n fi sùúrù sí i, pé òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, kò bá mi sọ ohunkóhun ju "ẹ kú ìjókòó" lọ, ó gba yàrá rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo délé ni ohùn rẹ̀ wọlé sórí WhatsApp mi, ó sì gùn ju ìlà mẹ́fà lọ dáadáa. Kókó ibẹ̀ ni pé, "Mọ́mì, ìtàn náà ṣì ni ìtàn. Wọ́n ṣáà fẹ́ ara wọn nígbẹ̀yìn." N kò lè dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá rò pé kí wọ́n ṣáà fẹ́ ara wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀, kí ló dé tó ń ṣe kíláàsì? Ọdún 1817 ni Austen kú, kò sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ìwé náà sì wà lódindi lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ìdajì ìwé ni wọ́n tà fún wa, wọ́n sì gba owó odindi.

Ọmọbìnrin ìdí tábìlì yẹn ni mo ní láti yìn níbí. Ó ra omi tútù fún mi lọ́jọ́ tí mo ń pariwo, kò sì gbó mi lẹ́nu. Lẹ́yìn tí mo lọ, ó lọ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ wa, ẹni tí n kò tíì kà kún títí di ìgbà náà, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ni, mo sì ń bi ara mi pé kí ló fẹ́ kọ́ àwa àgbà nípa ilé ọkọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kó fọ́tòkọ́pì orí 34 sí 36 wá, tó fi owó ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá a ṣe é ti to ojú ìwé náà lódìlódì, nítorí náà a kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, a tún un tò. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi náà kò yẹ ẹ̀dà yẹn wò kí wọ́n tó kó o wá."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, n kò rí irú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo wà níléèwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka lẹ́tà náà sókè. Èkíní, ó kà á kíákíá, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní gbà, gbogbo wa sì ń bú Darcy. Èkejì, ó rọra kà á, bó bá ti dé ìdí gbólóhùn kan nípa Wickham, á dúró, á béèrè pé, "Ta ló lè jẹ́rìí sí èyí?" Nígbà tó dé ibi tí Darcy ti sọ pé Wickham tan Georgiana, àbúrò òun obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, láti bá a sá lọ nítorí ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún pọ́ùn tó jẹ́ tirẹ̀, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dáhùn pé, "Kò sí ẹni tó máa fi irú ẹ̀ purọ́ mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀." Gbogbo yàrá dákẹ́, a ti di Elizabeth.

Láti ọjọ́ yẹn ni kíláàsì ti dùn. Ìyá nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló bi wá pé, ẹni tó wá tọrọ ọmọ tó ń bú ẹbí ọmọ, kí ni alága ìjókòó ì bá ti fi ojú rẹ̀ rí? Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, nítorí Darcy kò rán alárinà, kò mú ẹnikẹ́ni dání, kò sì sí ẹni tó lè fà á láṣọ pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò dára. A yanu nígbà tí olùkọ́ ṣàlàyé pé ọkùnrin nìkan ni ìwé àdéhùn fún láyè láti jogún Longbourn, ilẹ̀ Bennet bàbá Elizabeth, àti pé nítorí pé ọmọbìnrin márùn-ún nìkan ni Bennet bí, Collins tó jẹ́ ìbátan wọn ni yóò gbà á. Lọ́dọ̀ tiwa, yálà ìdí-igi la fi pín ogún tàbí orí-ò-jorí, ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí lè di aláìnílé lọ́jọ́ tí bàbá wọn bá kú yóò máa fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ Charlotte Lucas, ọ̀rẹ́ Elizabeth, ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni, Collins tí Elizabeth ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ sì wá bá a láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó gbà lójú ẹsẹ̀, ó ní ilé tó tura ni gbogbo ohun tí òun ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní ó ta ara rẹ̀. Àwa àgbà kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi pàápàá kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ láé, nítorí mo mọ obìnrin mélòó kan tí ilé ọkọ wọn dúró lórí irú ìpinnu yẹn, ojú kò sì tì wọ́n. Bàbá kan tó ń ṣòwò ní Gbági wá mẹ́nu ba Bennet fúnra rẹ̀, tó fẹ́ ìyàwó nítorí ẹwà àti èwe, tí ìfẹ́ náà sì tètè gbẹ. Ó ní ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu. Olùkọ́ wa kò gbà á bẹ́ẹ̀: ó ní kì í ṣe ẹwà ìyàwó ló ba ilé náà jẹ́ bí kò ṣe pé ọkọ sá wọ yàrá ìwé rẹ̀, tó ń fi ìyàwó ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ọmọ, títí tí Lydia, àbígbẹ̀yìn wọn, fi bá Wickham sá lọ. Mo ti fọkàn sí i pé ọmọ yìí mọ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ti Darcy ni olùkọ́ wa fi ọgbọ́n ṣe jù. Kò jẹ́ kí a dúró sórí ẹgbàárùn-ún pọ́ùn tó ń wọlé fún un lọ́dún. Ó ní kí a wo ohun tí Darcy ṣe nígbà tí kò rò pé Elizabeth yóò gbọ́: ó wá Wickham kàn, ó san gbèsè rẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún pọ́ùn lọ, ó fi ẹgbẹ̀rún mìíràn kún owó Lydia, ó sì ra ipò ológun fún ọkùnrin tó fẹ́ ba ti àbúrò rẹ̀ jẹ́. Ẹnu Lydia tí kò gbọ́rọ̀ dúró ló jẹ́ kí àṣírí tú. Nígbà tó tún wá bá Elizabeth ní orí 58, ó jẹ́wọ́ pé wọ́n kọ́ òun ní ohun tó tọ́ láti kékeré ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ òun láti kápá ìwà òun. Àárín orí yìí gan-an ni ọ̀gá wọn já wọlé wá ya fọ́tò wa fún Facebook, tó ní kí a gbé ìwé sókè kí a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀dà agékúrú yẹn ni gbogbo wa gbé sókè. N kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣì ń ta ẹ̀dà náà nídìí tábìlì nígbà tí a parí, ní ₦4,500, láìsí àlàyé kankan lára rẹ̀, wọn kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún mi. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974 ni wọ́n fẹ́ kà tẹ̀ lé e, lórí Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin mẹ́ta tó dojú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Olùkọ́ kan náà ni yóò kọ́ wa. Mo ti san ₦25,000 tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tèmi tó wà nílé ni mo máa gbé lọ.