Suez tàbí Cape: Ọ̀nà Wo Ni Kí Ọkọ̀ Òkun Gbà?

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Ṣáínà bọ̀ wá sí Yúróòpù lè gba Suez, ọ̀nà omi àfọwọ́gbẹ́ tó wà ní Íjíbítì, tàbí kó yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po, kó gba Cape of Good Hope.

Ọdún 1869 ni wọ́n ṣí Suez. Kìlómítà 193 ni, láti Port Said títí dé ìlú Suez. Ó la aṣálẹ̀ já, ó sì gba inú adágún Timsah àti Great Bitter Lake kọjá. Kò ní ilẹ̀kùn omi kankan tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, torí òkun méjèèjì tó so pọ̀, Mẹditaréníà àti Òkun Pupa, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. (Ti Panama kò rí bẹ́ẹ̀: ńṣe ni ọkọ̀ ń gun omi bí àtẹ̀gùn níbẹ̀.) Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ọkọ̀ ti já sí òdìkejì.

Cape máa ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá kún ìrìn, epo á sì jó sí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gba owó ìkọjá níbẹ̀, kò sì sí tóóró tí ọkọ̀ kan lè dí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, Ever Given, há sí Suez fún ọjọ́ mẹ́fà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì tò bíi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Láti 1967 di 1975, ogun ti Suez pa pátápátá. Ìjì ni ewu Cape. Ti Suez, ọmọ aráyé ni.

Ọjà tó ń kánjú, Suez ló bá a mu, bí Òkun Pupa bá rọgbọ. Bí ìkọlù bá wà níbẹ̀, bíi ti àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní Yemen, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2023, tàbí tí epo dínwó tí ẹrù ò sì kánjú, Cape ni.