Asẹ́ fóòmù, asẹ́ àgbékọ́, asẹ́ alágolo: èwo ló yẹ táńkì ẹja yín?

Omi tó mọ́ gaara lójú lè máa pa ẹja lọ lábẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra asẹ́ mọ èyí kó tó tọwọ́ bọ àpò, nítorí omi gaara ni páálí asẹ́ sábà máa ń ṣèlérí. Ibi tí ẹja fi ń mí ló ti ń tú ammonia, tó jẹ́ májèlé, sínú omi. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja tó ń jẹrà ń dá kún un. Ammonia kò ní àwọ̀, ẹ ò lè fojú rí i. Bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn á sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà níwọ̀nba títí ẹ ó fi pààrọ̀ omi. Ara nǹkan ni àwọn bakitéríà yìí ń lẹ̀ mọ́, inú asẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n asẹ́ nìyẹn: báwo ni ibùgbé wọn ṣe fẹ̀ tó, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí wọn bí iná bá lọ?

Asẹ́ fóòmù, tí wọ́n ń kọ sponge filter sí lára, ló rọrùn jù. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ á fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá àárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á ru gùdù lọ sókè, á sì máa fa omi gba ara fóòmù kọjá. Kò lè fa ọmọ ẹja tàbí edé wọlé. Bí iná bá lọ, inú omi táńkì náà ló ṣì wà, nítorí náà bakitéríà rẹ̀ kì í tètè kú. Pọ́ǹpù oníbátìrì sì lè gbà á sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gba àyè nínú táńkì, kì í sì í yára kó ìdọ̀tí tó ń léfòó. Ẹ ra fáàfù kékeré mọ́ ọn, èyí tí kì í jẹ́ kí omi gba inú rọ́bà padà sínú pọ́ǹpù.

Asẹ́ àgbékọ́, hang-on-back, ń rọ̀ mọ́ etí gíláàsì láti ẹ̀yìn. Ó ń kó ìdọ̀tí tó ṣeé fojú rí ju ti fóòmù lọ, ẹ sì lè ṣí i láìki apá bọ omi. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni páádì eléèédú tí wọ́n ní kí ẹ máa jù nù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra. Bí ẹ bá ti jù ú nù, ẹ ti da bakitéríà yín nù. Èyí tó ní àyè tí ẹ lè ki fóòmù tiyín sí ni kí ẹ rà. Ẹ fi fóòmù bo ẹnu ọ̀pá tó ń fa omi bí ọmọ ẹja bá wà. Bí iná bá dé, ẹ wò ó bóyá omi ti ń ṣàn: àwọn kan wà tí kò ní fa omi mọ́ àfi bí ẹ bá rọ omi sínú wọn.

Asẹ́ alágolo, canister, ń gbé ìta, lábẹ́ táńkì, rọ́bà méjì ló so wọ́n pọ̀. Kò sí èyí tí ibùgbé bakitéríà rẹ̀ fẹ̀ tó tiẹ̀, òun ló sì yẹ táńkì ńlá àti ẹja tó ń jẹun púpọ̀ bíi goldfish. Ṣùgbọ́n ó dé pa. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, bakitéríà á ti mu ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi á sì bàjẹ́ síbẹ̀. Iná á dé, á da gbogbo rẹ̀ lé ẹja lórí. Ẹ ṣí i, ẹ ṣan án kí ẹ tó tàn án padà. Iṣẹ́ ni ṣíṣí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi í sílẹ̀ títí ìdọ̀tí inú rẹ̀ á fi di nitrate.

Ní ti agbára, asẹ́ tó lè yí omi táńkì po ní ìlọ́po 4 sí 5 láàárín wákàtí kan ló dára: lítà 400 sí 500 fún táńkì lítà 100. Iye ara páálí máa ń ju ohun tí ẹ ó rí lọ, nítorí fóòmù àti ìdọ̀tí ń dín ìṣàn omi kù. Ẹja betta kò sì fẹ́ omi tó ń sáré.

Bí táńkì yín bá kéré, tàbí iná yín kò dúró sójú kan, fóòmù ni mo máa ní kí ẹ rà láìṣiyèméjì. Alágolo wà fún ẹni tó ní táńkì ńlá, tó sì ń rójú ṣí i déédéé.

Èyí ó wù kó jẹ́, bí ẹ bá fẹ́ fọ fóòmù rẹ̀, inú omi táńkì tí ẹ bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti fún un. Omi náà á dúdú bí ẹrẹ̀, fóòmù kò sì ní láti funfun. Chlorine inú omi ẹ̀rọ ń pa bakitéríà.

Asẹ́ tuntun kò ní bakitéríà kankan nínú. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó, nítorí náà ẹ ra ohun ìdánwò omi pọ̀ mọ́ ọn: ammonia àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kí nitrate má sì kọjá mílígíráàmù 40 nínú lítà kan. Bí ẹ bá ní asẹ́ àtijọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún bí oṣù kan kí ẹ tó yọ èyí tó gbó.