Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Gba Àwo Kérésìmesì Bàbá Mi Sílẹ̀

Àwo orin 49 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa nínú àpótí pákó kan ní ilé wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, 17 nínú wọn sì jẹ́ orin Kérésìmesì. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn 17 yẹn kì í jáde àfi tí oṣù Kejìlá bá wọlé. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè gbogbo wa ti ń là, Bàbá á fa àpótí náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á fi aṣọ funfun nu àwo kọ̀ọ̀kan, á sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan ojú àwo, òun àti onítọ̀hún ni. Jim Reeves ló máa ń ṣáájú, àwo Kérésìmesì rẹ̀ tó jáde ní 1963, ọdún kan kí ọkọ̀ òfuurufú tó já lulẹ̀ pa á. Boney M. ni ti ọ̀sán, èyí tó jáde ní 1981, torí òun làwa ọmọdé lè jó sí. Tó bá di alẹ́, Bàbá á fi àwọn akọrin King's College ní Cambridge sí i, àwọn tó ti ń kọrin níbi ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án àti orin Kérésìmesì láti 1918. Ìwé orin á wà lórí ẹsẹ̀ Bàbá, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ìlà béèsì.

Ṣùgbọ́n àwo tó mú kí n ra ẹ̀rọ tó ń lu àwo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó. Àwo kékeré ni, irú èyí tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Bàbá dáwó jọ lọ gbà sílẹ̀ ní Èkó kí wọ́n tó bí mi. Orin Kérésìmesì méjì ló wà níbẹ̀ lédè Yorùbá, ọ̀kan lójú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá wà láàárín àwọn tó ń kọ béèsì. Nínú gbogbo àgbà ìjọ tí mo bi léèrè, kò sí ẹni tí tirẹ̀ ṣì kù. Òmíràn ti fọ́, òmíràn ti tẹ̀ sí oòrùn, àwọn kan ní àwọn ọmọ kó o dànù nígbà tí wọ́n ń tún ilé kùn.

Kò sí àwo tí kì í gbó. Bing Crosby kọ "White Christmas" sílẹ̀ ní 1942. Nígbà tó di 1947, ó ní láti padà wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí ojúlówó tí ilé-iṣẹ́ fi ń tẹ àwọn àwo yòókù ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lò ó léraléra. Ti 1947 yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ lórí rédíò títí di òní. Ó dára fún wọn, wọ́n rí akọrin pè padà. Ta ni èmi fẹ́ pè padà sí Èkó?

Kí n tó dé orí ẹ̀rọ tó dára, mo ṣe àṣìṣe kan tó ṣì ń dùn mí. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ṣe bí àpótí ìrìnàjò, tí sípíkà wà nínú rẹ̀. Ó rẹwà lójú, kò sì wọ́n. Ojú àwo dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí: poro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ń yí láti etí títí wọ àárín, abẹ́rẹ́ sì ń gba inú poro yẹn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo á máa wó ebè lulẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 2 ni abẹ́rẹ́ tó dára fi ń tẹ àwo. Ti irú ẹ̀rọ alápòótí yẹn sábà máa ń tó 5, kò sì sí ibi téèyàn ti lè dín in kù. Sípíkà inú rẹ̀ tún ń gbọn abẹ́rẹ́ jìgìjìgì. Jim Reeves ni mo fi dán an wò. Ibi tó ti fò lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń ta pàràpàrà níbẹ̀ lónìí, tí mo bá tiẹ̀ fi ẹ̀rọ tó dára jù lọ lù ú. Mo dúpẹ́ pé n kò fi àwo ìjọ Bàbá sí i.

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló sọ fún mi pé kí n fi nǹkan yẹn sílẹ̀. Èmi àti òun la jọ dáwó ra Audio-Technica AT-LP120XUSB, ó sì gbé e wálé nígbà tó ń bọ̀. Owó rẹ̀ ju owó oṣù mi méjì lọ, olùkọ́ ni mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó pọ́ọ́kú. Ó sì wúwo, ó tó kílò 8, ìwúwo yẹn sì wà fún ìdí, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tètè mì. Mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ tó ń yí náà gan-an, kò sí bẹ́líìtì láàárín wọn. Ó ń yí ní 33, ní 45, ó sì ń yí ní 78 fún ẹni tó bá ní àwo ayé àtijọ́. Okùn USB rẹ̀ ń wọ kọ̀ǹpútà tààrà.

Ẹ̀ ń rí irin róbótó kan lẹ́yìn apá rẹ̀, òun lẹ máa yí tí abẹ́rẹ́ yóò fi tẹ àwo bó ṣe yẹ. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan gbáko kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kọ́kọ́ yí i títí apá yóò fi léfòó bí òṣùwọ̀n tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ dọ́gba, ẹ dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i wá sórí 2. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, apá náà kò fò lórí àwo kankan àfi èyí tó ti là tẹ́lẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú jù ni bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ PHONO àti LINE sí. Mo so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà ilé, mo fi àwo ìjọ Bàbá sí i pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ohùn tó sì jáde tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. Sópíránò ń kọrin lọ́nà jíjìn, ìlù ò dún, béèsì ò sí rárá. Mo rò pé àwo ti bàjẹ́, ara mi gbọ̀n. Àṣé èmi ni mi ò tẹ bọ́tìnnì síbi tó yẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n máa ń dín ohùn béèsì kù kí poro rẹ̀ má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì gbé ohùn tó ga tín-ín-rín sókè. Ẹ̀rọ tí yóò lu àwo ló gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà sípò. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn wà nínú AT-LP120XUSB fúnra rẹ̀, LINE lẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ sí tí sípíkà yín kò bá ní ibi PHONO tirẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sí LINE. Àwọn ọkùnrin ìjọ náà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn. Màmá wa jáde láti yàrá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wí nǹkan kan títí orin fi parí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Dámi, tún un fi sí i."

Mi ò tún un fi sí i. Mo ṣàlàyé fún un pé gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gba ojú rẹ̀ kọjá ló ń gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ná, kí ó wá máa gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ó gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbígbà sílẹ̀ yẹn wá nílò sùúrù. Audacity, ètò tó ń gba ohùn sílẹ̀, ni mo lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ọ̀nà àbùjá kankan: àwo tó gba ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 40 lẹ máa jókòó tì í. Ẹ wo iná tó ń fò sókè-sódò lójú ètò náà, ẹ má jẹ́ kó kan òkè rárá, torí ohùn tó bá ti ya níbẹ̀ kò ṣeé rán. Ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bíi MB 10, nítorí náà àwo ńlá kan á gba bíi MB 400; tí ẹ bá sọ ọ́ di FLAC, irú fáìlì tó ń fún ohùn pọ̀, á dín kù tó ìdajì, láìsí ohun tó sọnù nínú ohùn rẹ̀. MP3 ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹ má fi òun nìkan pamọ́.

Ẹ má fọ ariwo àwo jù. Audacity ní ohun tó ń yọ ariwo pàràpàrà kúrò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá jẹ́ díẹ̀. Mo lò ó lálòjù lára orin àkọ́kọ́, ohùn àwọn akọrin sì dà bí ẹni tó ń kọrin nísàlẹ̀ ìkòkò omi. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ parẹ́ pátápátá, torí létí kọ̀ǹpútà, ariwo ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbà mí ni pé mo ti tọ́jú èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn sọ́tọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọyẹ́ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ mọ iná kékeré tó máa ń ta nígbà tí a bá ń bọ́ aṣọ ọ̀rá lóru ọyẹ́. Òun náà ló máa ń wà lójú àwo nígbà náà, tó ń fa eruku mọ́ra, tó sì ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ nínú sípíkà. Nítorí náà, oṣù Keje ni mo gba orin Kérésìmesì sílẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá ara mi le. Mo fi omi dísítílì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn fọ àwo kọ̀ọ̀kan, mo fi aṣọ tí kì í já òwú sílẹ̀ nù ún yíká bí poro rẹ̀ ṣe lọ, mo sì jẹ́ kó gbẹ lóòró. Ẹni tó bá ní àwo 78, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípíríìtì kàn án o! Oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ lára igi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, sípíríìtì á sì yọ́ ọ. Páálí tó ti hu èbu, mo ya fọ́tò rẹ̀ tẹ̀yìn-tojú kí n tó pààrọ̀ bébà inú rẹ̀, torí Bàbá kọ ọjọ́ tó ra àwo kọ̀ọ̀kan sí i, ó sì kọ orúkọ ọmọ tó bí lọ́dún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iná, mo lo ínfátà, òru ni mo sì fi ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ tó bá wà nítòsí á kùn wọ inú àwo. Odó ló burú jù. Màmá wa, tí kì í pe iyán ní nǹkan mìíràn ju uyán lọ, ń gún tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mò ń gba King's College sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo rò pé ilé dákẹ́. Ilẹ̀ gbé e wá sábẹ́ tábìlì. Nínú orin kẹta, àwọn ọmọ Cambridge ń kọrin lọ, ọmọ odó sì ń lù kìì, kìì, kìì lábẹ́ wọn. Mo gba èyí tó mọ́ lálẹ́, ṣùgbọ́n mo tọ́jú èyí tó ní odó pẹ̀lú. Àbúrò mi ní òun nìkan ni òun ń gbọ́ ní Kánádà.

Àwọn àwo òyìnbó, inú ẹbí wa ni mo fi wọ́n mọ, torí wọ́n ṣì ní ẹni tó ni wọ́n. Ti ìjọ Bàbá, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn akọrin méjì tó ṣì wà láyé, mo sì fi í sórí fíláàṣì fún ẹgbẹ́ akọrin tòní. Lórí WhatsApp, bí ìwé (document) ni mo ṣe fi ránṣẹ́, kí ó dé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi sílẹ̀ látọ̀dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjèèjì, ìyá tó ń kọ áltò nígbà náà, ní kí n jókòó. Bí orin ṣe ń lọ, ó ń dárúkọ wọn: ẹni tó lu ìlù, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, ọmọbìnrin tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu tí wọ́n fi ní kó dúró jìnnà sí gbohùngbohùn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó wà nínú páálí àwo náà báyìí. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá mi rí ìyẹn.

Tí àwo yín kò bá ju márùn-ún lọ, ẹ má ra ẹ̀rọ yìí, ẹ wá ẹni tó ní in kí ẹ yá a. Tí ẹ bá ní àpótí kan bíi tiwa, mo fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ ò ní kábàámọ̀. Ẹ rántí pé apá rẹ̀ kì í dá padà fúnra rẹ̀ tí orin bá tán, ẹ̀yin lẹ máa dìde. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé fà yọ, tó bá gbó, òun nìkan lẹ máa pààrọ̀. Àwo 78 nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó nípọn jù, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Mo ní méjì tí bàbá bàbá mi ra, wọ́n ṣì wà lóòró nínú àpótí, wọ́n ń dúró dè é.

Àwo ìjọ Bàbá fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń lù ú báyìí, láàárọ̀ Kérésìmesì, ojú méjèèjì. Gbogbo ìyókù ọdún, fóònù ni Màmá fi ń gbọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, iṣu ti jinná, odó ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ti ń sọ pé ebi ń pa wọ́n. Màmá gbé ọmọ odó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gún nǹkan kan títí ojú kejì yóò fi tán.